Orí Kẹfà: Mítà Ìmọ́lẹ̀ Inú Kámẹ́rà Asahi Pentax Spotmatic

Bí a bá kúrò nínú oòrùn ọ̀sán tí a wọ inú yàrá, ẹyinjú wa á tún ara rẹ̀ ṣe. Láìpẹ́ a ó rí àga, a ó sì rí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Fíìmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń fẹ́ ti dájú, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára páálí: 100, 200, 400. Bí ìmọ́lẹ̀ tó kàn án kò bá tó, ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán á ṣú pátápátá, kò sì sí ohun tí ẹni tó ń fọ fíìmù lè ṣe láti dá ohun tó wà níbẹ̀ padà. Bí ó bá pọ̀ kọjá àlà, ibi tó funfun á mọ́ débi pé a kò ní rí ìṣẹ́po aṣọ tàbí ìlà ojú mọ́.

Ní Orí Karùn-ún a ti kọ́ nípa ihò lẹ́ǹsì àti ṣọ́tà, nítorí náà ìrántí ní ṣókí ti tó. Ihò lẹ́ǹsì ń pinnu bí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ṣọ́tà ń pinnu bí ọ̀nà náà yóò ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí. Láti f/16 sí f/11, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Láti 1/250 ìṣẹ́jú àáyá sí 1/500, ó di ìdajì. Ìlọ́po méjì tàbí ìdajì yìí ni a ń pè ní ìpele kan nínú ìwé yìí.

Iṣẹ́ orí yìí ni láti mọ bí kámẹ́rà ṣe ń ràn wá lọ́wọ́ láti yan nọ́ńbà méjèèjì. Mo mú Spotmatic, kámẹ́rà ilẹ̀ Japan tó jáde ní 1964, nítorí pé kò sí ohun tó pamọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lò ó á fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dínkù, á sì rí bí abẹ́rẹ́ ṣe ń dáhùn. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á: mítà yìí kì í sọ fún wa bí àwòrán ṣe yẹ kó rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn, ìyẹn ni pé ǹjẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé báyìí bá ohun tí a tò sórí kámẹ́rà dọ́gba? Gbogbo ìpinnu tó kù, ọwọ́ onífótò ló wà.

Kí mítà tó wọ inú kámẹ́rà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú àti ìrírí nìkan ni onífótò fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Òfin àtijọ́ kan wà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní: nínú oòrùn ganrínganrín tí kò sí ìkùukùu, fi ihò lẹ́ǹsì sí f/16, kí o sì fi ṣọ́tà sí ìdá kan nínú nọ́ńbà fíìmù. Fíìmù 400 yóò gba 1/500, nítorí kò sí 1/400 lórí kámẹ́rà púpọ̀. Bí ẹ bá bọ́ sábẹ́ kánọ́pì, ẹ ṣí ihò ní nǹkan bí ìpele mẹ́ta, ó di f/5.6. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ òfin yìí lórí kó tó fọwọ́ kan mítà kankan, nítorí òun ni yóò fi mọ̀ bí mítà bá ń purọ́.

Ní 1873 ni Willoughby Smith, tó ń dán wáyà tẹligíráàmù abẹ́ òkun wò, kéde pé iná máa ń ṣàn dáadáa nínú selenium bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án ju ìgbà tó wà nínú òkùnkùn lọ. Láti inú irú ìmọ̀ yìí ni mítà selenium ti wá. Ilé iṣẹ́ Weston ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde ní 1932, Zeiss Ikon ní Jámánì sì fi ọ̀kan sára kámẹ́rà Contaflex rẹ̀ ní 1935. Selenium inú àwọn mítà wọ̀nyí ń pèsè iná fúnra rẹ̀, kò nílò bátìrì. Àmọ́ iná náà kò pọ̀, nítorí náà ojú mítà gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó tó lè ti abẹ́rẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ń ṣú kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́.

Ìṣòro tó le jù ni pé ìta ni mítà wà, inú sì ni fíìmù wà. Ohun tí mítà ń wò lè yàtọ̀ sí ohun tí lẹ́ǹsì ń wò. Bí a bá fi gíláàsì pupa dé ojú lẹ́ǹsì, mítà ìta kò mọ̀. Bí a bá lo lẹ́ǹsì gígùn láti fa ojú ẹnì kan ṣoṣo mọ́ra láàárín èrò, mítà ṣì ń wo gbogbo èrò náà pẹ̀lú ojú ọ̀run tó wà lókè wọn. Onífótò gbọ́dọ̀ máa ṣírò, kó máa yọ, kó máa fi kún.

Cadmium sulphide, tí wọ́n ń gé kúrú sí CdS, ló ṣí ọ̀nà tuntun sílẹ̀. Òun kì í pèsè iná. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dènà iná nígbà tí òkùnkùn bá wà, ìdènà náà á sì máa dínkù bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Ó nílò bátìrì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lè kéré débi tí ó fi lè wọ inú kámẹ́rà, kó sì máa wo ìmọ́lẹ̀ tó ti gba inú lẹ́ǹsì kọjá.

Asahi àti Spotmatic

Ní 1919 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Asahi sílẹ̀ ní Tokyo, gíláàsì ojú àti lẹ́ǹsì ni iṣẹ́ wọn. Ní 1952 wọ́n ṣe Asahiflex, kámẹ́rà ilẹ̀ Japan àkọ́kọ́ tó ń lo fíìmù 35mm tí dígí inú rẹ̀ sì ń gbé àwòrán láti inú lẹ́ǹsì wá sí ojú ẹni tó ń yà á. Ní 1957 ni Asahi Pentax jáde, tó ní prísímù lórí, tí a fi lè gbé kámẹ́rà sí ojú kí ohun tí a ń wò sì dúró ṣánṣán bó ṣe rí.

Níbi àpéjọ Photokina ní ìlú Cologne, ní Jámánì, ní 1960, Asahi fi kámẹ́rà kan han ayé tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ láti inú lẹ́ǹsì. Ojú kan ṣoṣo láàárín àwòrán ni àpẹẹrẹ yẹn ń wọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1964, wọ́n ti yí èrò padà: gbogbo ojú àwòrán ni ó ń wọ̀n, ó ń kó o pọ̀, ó ń mú ìwọ̀n àárín rẹ̀. Wọn kò yí orúkọ Spotmatic padà, bẹ́ẹ̀ ‘spot’ túmọ̀ sí ojú kan, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á lónìí fi máa ń rò pé ojú kan péré ló ń wọ̀n. Ẹ má ṣe tẹ̀lé èrò yẹn. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ gan-an nínú iṣẹ́, bí a ó ṣe rí níwájú.

Spotmatic kọ́ ni àkọ́kọ́ tó dé ọjà pẹ̀lú irú mítà yìí. Topcon RE Super, tí ilẹ̀ Japan náà ṣe, ti ṣáájú rẹ̀ ní 1963. Wọ́n la ojú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sára dígí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ mítà tó wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Síbẹ̀, ọ̀nà tí Asahi gbà rọrùn jù, ìrọ̀rùn yẹn ló sì jẹ́ kí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà

Ẹ mú kámẹ́rà náà lọ́wọ́ bí ẹ bá ní in. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú lẹ́ǹsì, ó kọlu dígí tó dagun, ó yí padà sókè, ó sì bà lé gíláàsì kan tí wọ́n ti fi ọgbọ́n sọ ojú rẹ̀ di ṣíṣú kí àwòrán lè hàn lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó gba inú prísímù jáde sí ojú wa. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ibi tí a ń gbé ojú sí, nínú kámẹ́rà, ojú CdS méjì wà níbẹ̀. Gíláàsì ṣíṣú yẹn náà ni àwọn pẹ̀lú ń wò. Àwọn àti ẹni tó ń ya fótò ń wo ohun kan náà.

Bí a bá kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sójú, ihò lẹ́ǹsì ṣí gbayawu, kí a lè rí ohun tí a ń yà kedere. Lára ẹ̀gbẹ́ òsì, nítòsí lẹ́ǹsì, bọ́tìnì kan wà tí a ń fi ìka tì sókè. Bí a bá tì í, ohun méjì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ihò lẹ́ǹsì pa dé sí nọ́ńbà tí a yàn, mítà sì jí. Ohun tí a ń wò á ṣú díẹ̀. Ní apá ọ̀tún, abẹ́rẹ́ kékeré kan á máa rìn láàárín àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò. A ó máa yí òrùka ihò tàbí bọ́tìnì ṣọ́tà títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró sí àárín. Lẹ́yìn náà a tẹ bọ́tìnì tí a fi ń yàwòrán, àwòrán wọlé, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ náà sì já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, mítà kú.

Àwọn kan máa ń ráhùn pé ṣíṣú tó ń ṣú yìí ń dá iṣẹ́ dúró. Òótọ́ ni fún ẹni tó ń ya eré ìdárayá. Asahi fúnra wọn gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn náà, Spotmatic F tó jáde ní 1973 sì lè wọn ìmọ́lẹ̀ láìpa ihò dé, bí a bá lo lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún un. Ṣùgbọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣíṣú yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹ ń fi ojú rí ìyàtọ̀ láàárín f/4 àti f/16. Ẹ sì tún ń rí bí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà ṣe ń hàn sí i bí ihò ti ń kéré. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé gan-an ni kámẹ́rà ń wọ̀n, kò nílò kí lẹ́ǹsì sọ ohunkóhun fún un. Lẹ́ǹsì tí ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ M42, èyí tí a ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, yóò bá a ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ Takumar ti Asahi fúnra wọn, ìbáà jẹ́ ti Carl Zeiss Jena, ìbáà jẹ́ Helios ti ilẹ̀ Soviet. Gíláàsì aláwọ̀ tí a bá fi dé ojú lẹ́ǹsì náà ti wà nínú ìṣirò, a kò ní láti yọ tàbí fi kún.

Ẹ kíyè sí àléébù kan. Níwọ̀n bí CdS ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbé ojú sí, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé láti ẹ̀yìn lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, tí ẹ sì wọ gíláàsì ojú tí kò jẹ́ kí ojú yín fara mọ́ kámẹ́rà dáadáa, abẹ́rẹ́ á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ojú.

Afárá Wheatstone

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú kámẹ́rà yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì bó bá ṣòro.

Ẹ fojú inú wo wáyà méjì tó jáde láti ẹnu kan lára bátìrì, tí wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì tún pàdé ní ẹnu kejì. Lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, ohun ìdènà iná méjì wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Láàárín ìdènà iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n na wáyà kékeré kan láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, bí afárá lórí odò, abẹ́rẹ́ sì wà lórí afárá náà. Bí ìdènà iwájú àti ti ẹ̀yìn bá bá ara wọn mu lọ́nà kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ìdí tí iná yóò fi gba orí afárá kọjá. Abẹ́rẹ́ dúró sí àárín. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yí padà, iná á ya gba orí afárá, abẹ́rẹ́ á sì tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Samuel Hunter Christie, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ètò yìí ní 1833. Charles Wheatstone ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní 1843, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.

Nínú Spotmatic, CdS ni ọ̀kan lára àwọn ìdènà náà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń darí rẹ̀. Nígbà tí a bá yí bọ́tìnì ṣọ́tà tàbí nọ́ńbà fíìmù, ìdènà mìíràn ni à ń yí. Títò abẹ́rẹ́ sí àárín túmọ̀ sí pé a ti mú àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba.

Kí ni èyí ṣe fún wa lónìí? Bátìrì mákúrì oní 1.35 fóòtì ni wọ́n ṣe Spotmatic fún. Bátìrì mákúrì kì í yí agbára rẹ̀ padà títí ó fi kú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà nígbà yẹn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mákúrì jẹ́ májèlé, Amẹ́ríkà fi òfin dá títà bátìrì rẹ̀ dúró ní 1996, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn kò rọgbọ mọ́, nítorí pé agbára bátìrì gan-an ni mítà wọn fi ń ṣe òdiwọ̀n. Fi bátìrì oní 1.5 fóòtì sínú wọn, kíá ni abẹ́rẹ́ á máa sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Spotmatic kò ní ìṣòro yìí. Bí agbára bátìrì bá lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì afárá ló jọ lọ sókè. Bí ó bá wálẹ̀, wọ́n jọ wálẹ̀ ni. Àárín ṣì jẹ́ àárín. Bátìrì fàdákà kékeré oní 1.55 fóòtì tí a ń rà fún aago yóò ṣe iṣẹ́ náà, bí a bá ti fi òrùka kékeré kan dè é kó má bàa máa yí kiri ní ààyè rẹ̀.

Ìyẹn kò sọ pé gbogbo Spotmatic tí ẹ bá rà lọ́jà ni yóò péye. CdS máa ń gbó. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró sójú kan láìka bí ẹ ti ń yí òrùka sí, bátìrì ti kú tàbí ìpẹtà ti wọ ibi tó jókòó sí. Bí ó bá ń rìn, ẹ gbé e jáde ní ọ̀sán tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kí ẹ fi òfin f/16 dán an wò. Kí ẹ sì rántí pé bátìrì kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ṣọ́tà rẹ̀; láti ìṣẹ́jú àáyá 1 dé 1/1000, irin àti sípíríǹgì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mítà lè kú, kí kámẹ́rà ṣì máa yàwòrán fún ọdún púpọ̀ sí i.

CdS tún ní ìwà kan: bí ìmọ́lẹ̀ líle bá kàn án, kì í gbàgbé kíákíá. Ẹni tó bá kúrò nínú oòrùn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kí ó ní sùúrù díẹ̀ kí ó tó gba ohun tí abẹ́rẹ́ sọ gbọ́.

Àwọ̀ eérú

Mítà kò mọ aṣọ, kò mọ ènìyàn, kò mọ ògiri. Gbogbo ohun tí a bá fi hàn án, ó rò pé àwọ̀ eérú ni, èyí tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó kàn án padà. Bí a bá tò abẹ́rẹ́ sí àárín, a ti sọ fún fíìmù pé kó fi ohun tó wà níwájú wa ṣe àwọ̀ eérú. Níbi tí funfun, dúdú àti àwọ̀ mìíràn bá ti dàpọ̀ dáadáa, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àwòrán á sì dára. Ìṣòro wà níbi tí ohun kan bá ti gba gbogbo ojú àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ ìgbéyàwó wò. Ìyá ìyàwó jókòó sábẹ́ kánọ́pì nínú léèsì funfun àti gèlè funfun. Ká sọ pé ohun tó yẹ fún ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ni f/5.6 ní 1/250. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn débi tí léèsì fi gba gbogbo ojú àwòrán, abẹ́rẹ́ á dúró sí àárín ní f/11, ìpele méjì kọjá ibi tó yẹ. Bí ẹ bá gbà á gbọ́, léèsì á di àwọ̀ eérú, ojú Màmá á sì ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wá yí kámẹ́rà sí bàbá tó wọ àdìrẹ aláró tó ṣú dáadáa, abẹ́rẹ́ á fẹ́ f/4 tàbí kó tún ṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aró tó jinlẹ̀ náà á sì jáde bí aṣọ tó ti ṣá. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ kánọ́pì kò yí padà o. Aṣọ ló yí padà.

Ọ̀nà àbáyọ tí mo gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti fi ṣe àṣà ni àtẹ́lẹwọ́. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú lẹ́ǹsì, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tí ẹni tí ẹ fẹ́ yà wà, kí àtẹ́lẹwọ́ gba gbogbo ojú àwòrán. Kò pọn dandan kó hàn kedere. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, dúdú tàbí pupa, mọ́ ju àwọ̀ eérú yẹn lọ ní nǹkan bí ìpele kan. Ẹ tò abẹ́rẹ́ sí àárín, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ihò ní ìpele kan sí i, kí ẹ sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ lè ya léèsì, ẹ lè ya àdìrẹ, ẹ lè ya ọmọdé tó ń sáré kọjá, láìwo abẹ́rẹ́ mọ́, títí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi yí padà.

Ojú ọ̀run náà ń tan mítà jẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá sọ òkè di funfun, bí ìdajì àwòrán bá jẹ́ ojú ọ̀run, àwọn ènìyàn tó wà nísàlẹ̀ á ṣú. Ẹ dorí kámẹ́rà kodò sí ilẹ̀ tàbí sí ewéko, ẹ gba ìwọ̀n níbẹ̀, kí ẹ tó gbé e padà sókè. Bákan náà ni ẹni tó dúró síwájú fèrèsé tó mọ́: ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wọn ojú rẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ yà á.

Bí iyèméjì bá wà, tí ó sì jẹ́ fíìmù nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ ń lò, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un dípò kí ẹ yọ ọ́. Irú fíìmù yìí ń fara da àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ ju àìtó rẹ̀ lọ. Fíìmù síláìdì kò rí bẹ́ẹ̀, ìpele kan àpọ̀jù ti tó láti pa ibi funfun rẹ̀ run.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Fíìmù 200 wà nínú Spotmatic yín, oòrùn ń ràn ganrínganrín, ṣọ́tà wà ní 1/250, ihò sì wà ní f/16. Ẹ fẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà má hàn kedere, nítorí náà ẹ fẹ́ lo f/5.6. Ìyára ṣọ́tà wo ni yóò mú ìmọ́lẹ̀ dọ́gba? Ǹjẹ́ kámẹ́rà yìí ní irú ìyára bẹ́ẹ̀? Bí kò bá ní in, ihò wo ló fẹ̀ jù tí ẹ lè lò?

Lábẹ́ òjìji kan náà, ẹ wọn ògiri funfun, aṣọ dúdú àti àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ẹ fi ìpele ṣírò bí wọ́n ṣe jìnnà sí ara wọn tó, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ ó fi ya ẹnì kan tó dúró níwájú ògiri náà.

Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tábìlì níta, ẹ tan mítà, ẹ wo abẹ́rẹ́ láìgbé ojú sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ dúdú bo orí ara yín àti ẹ̀yìn kámẹ́rà papọ̀, kí ẹ tún wò ó. Ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí.

Fún àwọn tó ń ṣe físíìsì: nínú afárá kan, ìdènà iwájú ní ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní jẹ́ 100 ohm, ti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 200 ohm. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ti iwájú jẹ́ 300 ohm. Mélòó ni ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó lè dúró sí àárín? Ẹ ṣírò fóòtì tó wà ní orí kọ̀ọ̀kan afárá náà nígbà tí bátìrì bá jẹ́ 1.35, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí ó bá jẹ́ 1.55.